Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà sílé fún ìdílé, owó kò pọ̀: àwọn ẹ̀yà wo ni kí n mú?

Bàbá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Èkìtì kete o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó. Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí gbogbo ilé á jọ máa lò. Àwọn ìbejì mi máa ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, àbúrò wọn ṣì wà ní JSS 2, ìyá wọn sì fẹ́ máa kọ ìṣirò ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sínú Excel dípò inú jọ́tà. A ò ní fi ṣe géèmù. Ká tẹ̀wé, ká wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí YouTube, kí àwọn ọmọ máa dánra wò fún ìdánwò, ó tán.

₦300,000 ló wà lọ́wọ́ mi, mónítọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà l'Ádó kọ èyí fún mi: Core i7 third generation, RAM 4GB, hard disk 1TB, graphics card 1GB, mónítọ̀ ínṣì 17. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ i7, kò sí i5 tó lè bá a dọ́gba. Ṣé kí n sanwó? Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, mo lè lọ sí Adó tàbí Àkúrẹ́, èyí tó bá dáa.

Ọmọ Òkèsà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ohun tí wọ́n kọ fún yín yẹn dùn létí, àmọ́ kò ní ṣe yín lóore.

Ẹ jẹ́ ká mú i7 yẹn, ìyẹn processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. i3, i5, i7 nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá jẹ́ i7-3770, 3 tó ṣíwájú yẹn ni third generation, ọdún 2012 ló sì jáde. Tó bá jẹ́ i5-8500, 8 ló ṣíwájú, ọdún 2018 ló jáde. Core ni ọwọ́ tí processor fi ń ṣiṣẹ́: 4 ló wà nínú i7-3770, 6 ló wà nínú i5-8500. Ẹni tó ní kò sí i5 tó lè bá a dọ́gba kò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ sì tún wo ti YouTube tí ẹ dárúkọ. VP9, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, ni ọ̀pọ̀ fídíò YouTube máa ń bá wá lónìí, third gen kò sì ní ẹ̀yà tó ń tú u. Processor fúnra rẹ̀ ni á máa fipá tú u, ara rẹ̀ á gbóná, fáànù á máa pariwo, iná á sì máa lọ. Láti 7th gen sókè, wọ́n ti kọ́ ọ mọ́ ọn nínú.

Hard disk 1TB yẹn gan-an ló máa bí yín nínú jù. Ibẹ̀ ni fáìlì ń gbé, awo ló sì ń yí nínú rẹ̀. Bó bá ń ka fáìlì ńlá kan ṣoṣo, ó lè ka bíi 100 sí 200MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n tí Windows bá ń ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké, ó máa ń jó rẹ̀yìn gan-an ni. SSD onísátà (SATA) lásán, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ń ka bíi 500MB, kò sì sí awo tó ń yí níbẹ̀. Kí n ní SSD 256GB, kí n má ní 1TB tó ń wọ́, ìyẹn ni mo máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi. Bí ẹ bá ní hard disk àtijọ́ nílé, a lè so ó mọ́ ọn fún fọ́tò àti fídíò.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, 4GB kò tó. Ẹ ṣí Windows, ẹ ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ìwé mélòó kan, ó ti tán. 8GB ni kó kéré jù. Graphics card 1GB yẹn, káàdì àwòrán, ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ náà. Èyí tó wà nínú processor Intel tó fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Èmi ní tèmi, desktop ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ni mo máa rà: Dell OptiPlex 3060 tàbí 5060, HP ProDesk 600 G4, tàbí Lenovo ThinkCentre M720. Kó jẹ́ i3-8100 tàbí i5-8500, RAM 8GB, SSD 256GB. Kẹ́ ẹ wá fi èyí tó kù ra mónítọ̀ ínṣì 20 sí 22. Ínṣì 17 ti kéré jù fún èèyàn mẹ́rin.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò bá yín lọ sídìí desktop yìí. Láptọ́ọ̀pù ni kí bàbá rà. Ṣé iná tí a mọ̀ yìí náà ni? Tó bá lọ lójijì, láptọ́ọ̀pù á máa bá iṣẹ́ lọ. Desktop á kú, ohun tí ọmọ ti ń tẹ̀ látàárọ̀ á bá a lọ. Ọmọ tó bá sì wọ yunifásítì á gbé láptọ́ọ̀pù dání. Ta ló fẹ́ gbé CPU àti mónítọ̀ lọ sí hostel?

Olùkọ́ Ìdó

Mà, òótọ́ lẹ sọ nípa iná. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta àti ìyá wọn ló máa lò ó. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí owó yìí lè rà, bátìrì rẹ̀ sábà máa ń ti rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Bí bọ́tìnnì kan bá kú lára kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, odindi kíbọ́ọ̀dù la máa pààrọ̀. Bí omi bá dà sí i, ọ̀rọ̀ ti dé orí bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́, nìyẹn. Ti desktop, ẹ ó kàn lọ ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ JAMB náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè 180 ni wọ́n máa dáhùn ní wákàtí 2. Ọmọ kò nílò máòsì rárá, bọ́tìnnì 8 ló wà fún un: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti bọ́ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R tó bá yí ọkàn padà pé òun kò tíì fẹ́ fi sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń fi kíbọ́ọ̀dù ńlá dánra wò nílé, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ ọ̀nà. Mo ń rí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: àwọn tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ, ojú bọ́tìnnì ni wọ́n ń wá kiri nígbà tí aago ń lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fara mọ́ desktop fún ilé yìí.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Gbogbo yín ń sọ tòkunbọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ tuntun. Ẹ to tuntun! Ryzen 5 5600G: core 6, thread 12 (iye iṣẹ́ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà), àwòrán Vega wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí graphics card tí ẹ ó tún rà. Bọ́ọ̀dù B450 tàbí B550, RAM 16GB, SSD NVMe tó yára ju ti sátà lọ. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè yọ processor, kẹ́ ẹ fi AM4 míì (irú tó ń wọ ihò kan náà) sí i láìpa bọ́ọ̀dù tì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ọmọ Òkèsà

Àbúrò, 5600G dáa, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Processor yẹn, bọ́ọ̀dù rẹ̀ àti RAM 16GB ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó bàbá tán, a ò tíì dárúkọ àpótí, power supply (ẹ̀rọ tó ń fún un níná), SSD, mónítọ̀, kíbọ́ọ̀dù. Láti ìparí ọdún 2025 sì ni owó RAM ti ń gun òkè káàkiri àgbáyé nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń kó o. Ẹni tó bá ń to tuntun lásìkò yìí, ìdí RAM ló ti máa mọ̀ ọ́n lára jù. Desktop ọ́fíìsì máa ń bá RAM tirẹ̀ wá.

Fún ẹlòmíì tó bá ń ka èyí tó sì lówó láti to tuntun: ẹ ṣọ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn. Intel tó bá ní F lẹ́yìn, bíi i3-12100F tàbí i5-12400F, kò ní ẹ̀yà àwòrán nínú. Owó rẹ̀ máa ń dín díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í síni lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá gbé e délé láìsí graphics card, mónítọ̀ kò ní fi nǹkan kan hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ryzen 5 5600 tí kò ní G.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Mo gbà lórí owó, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Power supply inú Dell àti HP ọ́fíìsì yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ lè rà lórí káńtà. Ojú ihò wáyà rẹ̀ yàtọ̀ sí ATX tí gbogbo ayé ń lò. Bó bá jó, ti irú rẹ̀ gan-an lẹ ó máa wá. Bọ́ọ̀dù náà bẹ́ẹ̀, kò ní wọ inú àpótí míì.

Ìyá Kàfé Ìkọ̀lé

Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ. Ilé ìtẹ̀wé àti fọtokópì ni mo ní, irú desktop yìí ló kún ibẹ̀. Ohun tí mo máa fi kún un ni pé kẹ́ ẹ ra èyí tó wọ́pọ̀. Bí ti OptiPlex tàbí ProDesk bá jó, àwọn tó ń tú òkú ẹ̀rọ ní Computer Village ní Ìkẹjà máa ń ní i nílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ ní waybill. Orúkọ tí ẹ ò gbọ́ rí ni kẹ́ ẹ sá fún, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Mónítọ̀ ni mi ò ní gbà lórí waybill ní tèmi. Ojú rẹ̀ máa ń fọ́ lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé ọwọ́ òun ni. Adó tàbí Àkúrẹ́ ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ tàn án lójú ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú funfun kún un, kẹ́ ẹ wò bóyá ìlà tàbí àmì dúdú wà.

Oníná Ìjerò

Ìyá Àdùkẹ́ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Inverter àti sólà ni iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sọ ọ́.

Intel kọ 65 wáàtì sára i5-8500. Ìyẹn fún ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Bí ọmọ bá ń tẹ̀wé lásán, gbogbo àpótí yẹn kì í sábà ju 20 sí 30 wáàtì lọ. Mónítọ̀ LED ínṣì 22 ń jẹ bíi 20 sí 25. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo rẹ̀ ní 60. Bátìrì inverter kan, 12V 200Ah, jẹ́ 2,400 watt-hour lórí ìwé. Tó bá jẹ́ lead-acid, kò yẹ kẹ́ ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú, ó di 1,200. Bí inverter bá tiẹ̀ jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn nìkan lè lò ju wákàtí 15 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní inverter nílé, kí ó má jẹ́ kí iná lé òun kúrò nídìí desktop. Mónítọ̀ àtijọ́ tó sanra lẹ́yìn, tí kì í ṣe LED, ni kẹ́ ẹ yẹra fún.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kéré sí i, ẹ wá àwọn pẹlẹbẹ: OptiPlex Micro, HP Mini, Lenovo Tiny. Processor tó ní T lẹ́yìn ló sábà máa ń wà nínú wọn, i5-8500T jẹ́ 35 wáàtì, àdápítọ̀ bíi ti láptọ́ọ̀pù ló sì ń lò. Ìyẹn tún yanjú ọ̀rọ̀ power supply tí ọmọ Ọ̀yẹ́ ń sọ, torí àdápítọ̀ rọrùn láti rí. RAM láptọ́ọ̀pù ló ń wọ inú rẹ̀ o, kì í ṣe ti desktop.

Nípa kí iná lọ lójijì: power supply kọ̀ǹpútà lè di iná mú fún bíi 16 millisecond péré tí iná bá já. Inverter tó bá pẹ́ jù ú lọ kó tó gbà á, kọ̀ǹpútà á tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ wo ẹ̀yìn inverter yín, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ UPS sí máa ń wà níbẹ̀ (òun ló ń jẹ́ kó tètè gba iná), ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kó sì jẹ́ pure sine wave, èyí tó ń mú iná tó rí bíi ti NEPA jáde. Àwọn tí owó wọn kéré ń mú iná tí kò rí bó ṣe yẹ jáde, power supply tó dáa míì máa ń kùn tàbí kó pa ara rẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní inverter, UPS 650VA, àpótí bátìrì kékeré fún kọ̀ǹpútà, ni kó rà. 650 yẹn kì í ṣe wáàtì, iye wáàtì tó lè gbé kò tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ fi owó yẹn rà, kí ọmọ lè fi iṣẹ́ pa mọ́, kó pa á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser mọ́ ọn.

Bàbá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Ohun tí mi ò mọ̀ pọ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Mo ní inverter kékeré nílé, mo ti wo ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnnì UPS wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹnì kan l'Ákùúrẹ́ ní òun ní i5-6500 tí owó rẹ̀ kéré sí ti 8th gen, Windows 10 wà lórí rẹ̀. Ṣé kí n gbà á kí n fi owó tó kù ra UPS?

Olùkọ́ Ìdó

Windows 10 ti parí, sà. Ní October 14, 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ fífi àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i. Àfikún tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ilé kò kọjá October 2026. i5-6500 kò sì sí lára àwọn tí Microsoft gbà wọ Windows 11. 8th gen ló ti bẹ̀rẹ̀ níhà Intel. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe búburú. Ẹ lè fi Linux Mint, ètò tó ń rọ́pò Windows, sí i, ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice wà lórí rẹ̀ tó ń ṣí fáìlì Excel. Fún ilé tí owó rẹ̀ há, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìyá Kàfé Ìkọ̀lé

Olùkọ́, ẹ má bínú, ibi tí a ti máa pínyà nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú ètò ìdánrawò JAMB tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Bí ìbejì méjì bá ń múra ìdánwò, tí ẹ wá gbé ohun tí kò ṣí i síwájú wọn, ta ló máa jókòó tì wọ́n? Bàbá ń lọ ibi iṣẹ́, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mint dáa fún ẹni tó ní olùkọ́ bíi tiyín nítòsí. Ẹ mú i3-8100 dípò i5-6500, bàbá. Core 4 ni àwọn méjèèjì, i3 yẹn kò kéré sí i rárá, ó sì máa wọ Windows 11.

Ẹ tún gbọ́: àwọn 6th gen kan ń lo RAM DDR4, àwọn kan ń lo RAM DDR3L. OptiPlex 7040 ń lo DDR4, 5040 tó jọ ọ́ bí ìbejì ń lo DDR3L. RAM ọ̀kan kò wọ ihò èkejì. Gbogbo 8th gen tí a dárúkọ níbí, DDR4 ni.

Ìgbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ lọ́hùn-ún, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn tàn án kí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n pa á pátápátá, kí wọ́n yọ wáyà iná, kí wọ́n tún un tàn. Bí ọjọ́ àti aago bá ti yí padà, bátìrì kékeré CR2032 orí bọ́ọ̀dù ti kú. Kò wọ́n, kí wọ́n fi tuntun sí i kẹ́ ẹ tó lọ, torí bí ọjọ́ kò bá tọ̀nà, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣí dáadáa. Ẹ wọ inú BIOS, ètò tó ń ṣí ṣáájú Windows, wò: bó bá béèrè pásíwọọ̀dù tí wọn ò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ rí orúkọ processor àti iye RAM pẹ̀lú ojú yín, kì í ṣe ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpótí. CrystalDiskInfo ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e lọ lórí fúláàṣì, ó máa sọ iye wákàtí tí SSD ti ṣiṣẹ́ àti bí ìlera rẹ̀ ṣe kù sí. Ẹ fi ètí gbọ́ fáànù. Ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ihò mónítọ̀ yẹ̀ wò pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ Dell àti HP yìí DisplayPort ni wọ́n ní, mónítọ̀ àtijọ́ sì lè jẹ́ VGA nìkan. Kí wáyà tó bá àwọn méjèèjì mu wà nínú ohun tí ẹ sanwó fún.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Kí n fi díẹ̀ kún un. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa di ihò fáànù pa. Bí ihò kan bá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn àpótí níbi tí wọ́n ti yọ káàdì, ẹ dí i, torí aáyán àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń sùn lé.

Bàbá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́

Mo ti rí ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé mo fẹ́ lọ wo ProDesk 600 G4 l'Ádó: i3-8100, RAM 8GB ẹyọ kan, SSD 256GB. Mónítọ̀ ínṣì 22 máa tẹ̀lé e. Màá gbé CrystalDiskInfo dání. Ìbéèrè kan ló kù: RAM 8GB ẹyọ kan ni, àbí kí n ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí 4GB méjì? Ẹnì kan ní méjì ń yára jù.

Ọmọ Òkèsà

Ó ń yára díẹ̀ lóòótọ́, pàápàá níbi àwòrán, torí àwòrán inú processor ń yá RAM lò. Fún géèmù, màá ní kẹ́ ẹ mú méjì. Fún ìwé àti YouTube, ẹ gba 8GB ẹyọ kan, kí ihò kejì ṣófo. Lọ́jọ́ tí owó bá tún wà, ẹ ó ki 8GB míì bọ̀ ọ́, ó di 16, ẹ ò ní ju ìkankan nù. Ẹ kàn rí i pé ihò yẹn ń ṣiṣẹ́: kí wọ́n yọ RAM, kí wọ́n fi síbẹ̀, kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ serial number àpótí àti ti mónítọ̀ sí i, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.